Ọdún Tí Ọkọ̀ Bàbá Mi Ń Kan Ilẹ̀kùn

Mílíìkì tí mo rà láàárọ̀ yìí ò dáa rárá. Mo lu agolo ẹ̀ níhò méjì bí wọ́n ṣe ń lù ú, ihò kan fún mílíìkì, ìkejì fún atẹ́gùn, mo dà á sínú tíì, tíì dúdú ṣì dúdú bó ṣe wà. Mo tún dà á. Ó kàn yọ́ lọ sísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù bí olè tó rí ọlọ́pàá. Mo sọ fún ìyàwó mi pé omi ni wọ́n tà fún wa. Kò tiẹ̀ wo kọ́ọ̀pù náà. Ó ní, "Bàbá Àfùsá, gbogbo ohun tí kò bá ti ki, jìbìtì ni lójú yín. Ọbẹ̀ tí kò bá ki, jìbìtì. Ọṣẹ olómi tí kò bá ki, jìbìtì. Ẹ mu tíì yín jàre." Mi ò lè bá a jà, torí òótọ́ ló sọ. Àrùn ìdílé ni. Bàbá mi ló kó o ràn mí. Ohun tó wá jẹ́ kó burú ni pé ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìn ni mò ń tà jẹun ní Agbojú, gbogbo ọjọ́ ni mo sì ń bá àwọn oníbàárà tí àrùn yìí ń ṣe jà. Ẹnì kan á wa mọ́tò tí ẹ́ńjìn ẹ̀ ṣì le koko dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní èyí tó ki jù." Màá ní kí ló ṣe mọ́tò náà. Á ní kò ṣe nǹkan kan, òun kàn fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun ni. Màá ní kó ṣí ìwé mọ́tò ẹ̀ wò, kó wo nọ́ńbà ọ́ọ̀lì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Á ní kí n bá òun kà á. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí fọ́ọ̀mù tíírì ni mo ka ìwé dé. Ìwé ò lé mi, èmi náà ò lé ìwé, a kàn jọ ń wo ara wa títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwa méjèèjì. Àmọ́ mo mọ nọ́ńbà kà, mo sì mọ ìdí tí ọ́ọ̀lì kan fi gbọ́dọ̀ ki, tí òmíràn fi gbọ́dọ̀ ṣàn. Tí wọ́n bá bi mí pé yunifásítì wo ni mo ti kọ́ ọ, mi ò ní lè dáhùn, torí obìnrin arúgbó kan tó ń ṣe ògì ló jẹ́ kó yé mi, kò sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rí láyé ẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti fẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Inú klósì kan ní Fẹ́sítáàkì là ń gbé, nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ tí gbogbo wọn jọra, débi pé àlejò tó bá ti mu bíà méjì lè sùn sílé onílé kó sì máa bínú pé wọ́n ti pààrọ̀ àga òun. Ìsàlẹ̀ ni tiwa. Bàbá mi, màmá mi, èmi, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ Àmúwò ni Ìyá Àgbà, ọmọ onílẹ̀ gan-an. Ó máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, akàn ló ń gbé ibi tí kíṣìnì wa wà yìí; pé ìjọba lé akàn lọ, wọ́n wá kó àwa síbẹ̀, àwọn akàn yẹn ò sì pariwo tó wa. Ó jàre. Ariwo ilé wa máa ń tò tẹ̀ léra wọn ni. Ìpè ìrun láti apá Agbojú ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kò ní pẹ́ tí àwọn ará òkè wa, ọmọ ìjọ tí wọn ò fi àdúrà ṣeré, á bẹ̀rẹ̀ sí í lé Sàtánì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Àgbà á gbé orí sókè látorí ẹní ìrun ẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e wá sísàlẹ̀ o, ìsàlẹ̀ là ń gbé." Lẹ́yìn náà ni asẹ́ ògì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, torí Ìyá Àgbà ló ń ṣe ògì tí ìdajì klósì wa ń mu, èmi ni mo sì ń di etí asẹ́ mú fún un kí n tó lọ wẹ̀. Asẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan fẹ̀ lójú, ìkejì há lójú bí ọwọ́ ahun. Ìgbàkígbà tí mo bá ń kánjú, tí mo da ògì tó ki sórí èyí tó há, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, á máa wò mí. Ìyá Àgbà á ní, "Má bá a jà. Asẹ́ ò ṣẹ̀ ẹ́. Fi omi là á." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ògì ló ń bá mi sọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni a óò wá jókòó mu ògì náà pẹ̀lú àkàrà tí màmá mi bá dín, tàbí edé gbígbẹ tí àwọn ẹbí Ìyá Àgbà bá gbé wá láti etí omi, tó ń ta ènìyàn lẹ́nu bí ìbínú.

Ariwo tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ẹ̀ ni ti ọkọ̀ bàbá mi. Pijó wágọ̀nù ni, àwọ̀ ẹ̀ ti kọjá ohun tí a lè dárúkọ. Nígbà tí iṣẹ́ èbúté parí fún bàbá mi, ọkọ̀ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ sílé ìwé, ọmọ mẹ́sàn-án láti klósì wa àti láti Raji Rasaki Estate, èmi ni ìkẹwàá, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí pẹ̀lú táyà àti jáàkì. Ẹ́ńjìn ẹ̀ ti gbó. Kì í ṣe pé ó ń dún bí ẹ́ńjìn mọ́, ńṣe ló ń kan ilẹ̀kùn: kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Bàbá arúgbó kan ń gbé ní ẹnu ọ̀nà klósì, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo àárọ̀ tí a bá ń kọjá, á dáhùn látinú yàrá, "Ta nìyẹn? Ilẹ̀kùn ò tì o, wọlé!" Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ á fi ẹ̀rín kú. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín. Á tẹ̀ ẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tèmi lára ọkọ̀ yẹn ni gééjì. Láràárọ̀, kí bàbá mi tó wọ bàtà tán, mo gbọ́dọ̀ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n fa irin gééjì ọ́ọ̀lì yọ, kí n fi ràgì nù ún, kí n tì í padà, kí n tún fà á yọ, kí n wá gbé e sókè kí bàbá mi lè rí ibi tí ọ́ọ̀lì dé. Bí mo ṣe ń gbé irin yẹn sókè, ẹ lè rò pé ọ̀pá àṣẹ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ọ́ọ̀lì náà máa ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, bàbá mi sì ní oògùn tó máa ń fún un: ìdajì ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìn, ìdajì ọ́ọ̀lì gíà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dà sínú gíà lọ́rì, tó ki bí oyin, tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí a bá ti dà á tán, kọ́-kọ́-kọ́ yẹn á rọlẹ̀ di kù-kù-kù. Bàbá mi á lu bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́, á ní, "Ó ti jẹun." Mo gbà pé bàbá mi ló dá oògùn yẹn sílẹ̀ láyé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ẹni tí ẹ́ńjìn ẹ̀ ti ń kú lọ láti Agbojú dé Abúlé Adó ló ń ṣe é.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi Kérésì, Màmá Títí wá sílé wa. Òun ni agbẹnusọ àwọn òbí, báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní káńtà níwájú. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó jókòó, ó ní, "Bàbá Wàsíù, a mọrírì yín, sà. Ẹ ò fi àwọn ọmọ yìí ṣeré rí. Àmọ́ tí Títí bá dé láti ilé ìwé, mo ní láti pariwo kó tó gbọ́ mi. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bá wọlé, tí ọkọ̀ yìí bá ṣì ń pariwo, tàbí tó bá kọ̀ láti lọ, a máa kó wọn sínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ẹ má bínú o, sà. Gbogbo àwa òbí la jọ sọ ọ́." Bàbá mi ní, "Mo gbọ́, mà." Ó dìde, ó lọ. Mò ń wo bàbá mi, ó ń wo ìka ọwọ́ ẹ̀. Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo mọ ohun tó wà nínú abọ́ wa àti ibi tó ti ń wá. Ọkọ̀ yẹn là ń jẹ. Tí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn bá lọ, ògì nìkan ló kù, àwa náà á sì di ẹni tó ń mu ògì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Báyìí ni bàbá mi ṣe lọ pe Bọ̀dá Láńre. Mẹ́káníìkì ni, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tínrín, ó sì máa ń fi igi pákò sẹ́nu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wá lẹ́nu ẹ̀ tó ń fi igi dá a dúró. Ó sọ ẹ́ńjìn náà kalẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé wa, ó tú u wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó fi ṣáàfù hàn mí, irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ́ńjìn, tó ní ọrùn bíi mélòó kan. Ó fi mẹ́tàlì hàn mí, irin pẹlẹbẹ bí ìdajì òrùka, méjì méjì ni wọ́n fi ń gbá ọrùn ṣáàfù mọ́ra. Tiwa ti jẹ, bàbà pupa ti yọ lára wọn. Wọ́n gbé ṣáàfù lọ dán, Bọ̀dá Láńre sì ra mẹ́tàlì tuntun. Ọjọ́ tó fẹ́ dè é, mo jókòó tì í. Ó fi èékánná fa nǹkan tínrín bí òwú lára àbẹ́là, ó tẹ́ ẹ sórí ọrùn ṣáàfù, ó de mẹ́tàlì mọ́ ọn gbọningbọnin, ó tún tú u. Àbẹ́là ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wo bó ṣe tẹ́ tó, ó mi orí pé ó dáa. Ó ní tó bá tẹ́ jù, àyè há jù. Tí kò bá tẹ́ rárá, àyè ti pọ̀ jù. Mo bi í pé àyè kí ni.

"Wàsíù, ṣé o rò pé ṣáàfù yìí ń fara kan mẹ́tàlì tó bá ń yí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Irọ́. Tó bá fara kàn án, àwọn méjèèjì á jóná. Orí ọ́ọ̀lì ló ń léfòó, bí ọkọ̀ ojú omi. Àyè tó wà láàárín wọn, irun orí ẹ nípọn jù ú lọ. Inú ibẹ̀ ni ọ́ọ̀lì gbọ́dọ̀ wọ̀, kó sì tètè wọ̀ ọ́. Tí mẹ́tàlì bá ti jẹ, àyè á fẹ̀. Ọ́ọ̀lì tó ń ṣàn á kàn gba ibẹ̀ sá lọ ni, irin á wá jókòó lórí irin. Ìdí nìyẹn tí bàbá ẹ fi ń fún un ní èyí tó ki. Kò burú. Ẹni tó ń kú lọ, ohun tó bá ní òun fẹ́ jẹ la máa ń fún un."

"Tuntun yìí ńkọ́, sà?"

"Tuntun yìí, àyè há. Èyí tó ń ṣàn nìkan ló lè tètè débẹ̀. Tó o bá da èyí tó ki sí i, kó tó rìn débẹ̀ láàárọ̀, ṣáàfù ti ń yí lórí gbígbẹ. Mẹ́tàlì tuntun á jóná kó tó di pé o jẹun ọ̀sán."

Bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé ìròyìn àná. Kò gbé ojú sókè. Ó kàn sọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Gírámà."

Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ parí. Bọ̀dá Láńre da ọ́ọ̀lì tuntun sí i, ó ní kí bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Iná pupa kékeré kan wà níwájú dírẹ́bà tó máa ń tàn tí ọ́ọ̀lì ò bá tíì dé ibi tó yẹ. Kí ènìyàn tó ka èjì, ó ti kú. Ẹ́ńjìn náà ò dún. Àbí kí n sọ pé ó ń dún, àmọ́ bí ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Màmá mi pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà ní ṣé ó ti kú ni. Bọ̀dá Láńre ní òun á padà wá ní Mọ́ńdè láti rí bí ọkọ̀ náà ṣe máa gbéra, ó gba ilé ẹ̀ lọ. Bàbá mi nìkan ni inú ẹ̀ ò balẹ̀. Ó ń yí ọkọ̀ náà po, ó ń dẹ etí sí i, bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ọdún mélòó ni ọkọ̀ yẹn ti ń bá a sọ̀rọ̀!

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó pè mí síwájú ọkọ̀. "Fa gééjì yẹn yọ." Mo fà á yọ. Ọ́ọ̀lì náà yọ́ sílẹ̀ lára irin, ó mọ́, o lè rí ọwọ́ ẹ láàárín ẹ̀. Bàbá mi wò ó títí. "Wàsíù, ṣé ọ́ọ̀lì nìyí? Tíì nìyí. Láńre mọ iṣẹ́, mi ò ní kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọmọdé ni. Ta ló ń mu ògì lọ sóko? Ẹni tó bá máa gbé ọmọ mẹ́sàn-án, ẹ̀bà ló ń jẹ. Ká kàn fi díẹ̀ tì í lẹ́yìn." Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́nu Bọ̀dá Láńre fúnra ẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là, pẹ̀lú irun orí. Ó wọ etí kan, ó wá bá ọ̀rọ̀ ẹ̀bà pàdé níbi tó fẹ́ gbà jáde. Tí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín òótọ́ àti ẹ̀bà lọ́jọ́ náà, ẹ̀bà ni. Kí bàbá mi tó rán mi, mo ti sáré gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ọ̀lì gíà jáde lẹ́yìn ilé. A fa èyí tó pọ̀ nínú ọ́ọ̀lì Bọ̀dá Láńre sínú báàfù oníke, mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, a da ti gíà sí i. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbá jọ, ó ń dán. Bàbá mi wò ó bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọmọ mẹ́sàn-án ti tò síwájú ilé wa pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ètè gbogbo wọn funfun. Màmá Títí dúró nínú aṣọ báǹkì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú asẹ́ ẹ̀. Bọ̀dá Láńre dé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí bàbá mi, bàbá mi wọ ọkọ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìn náà yí, wúù... wúù... wúù... bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun pé kó lọ pọn omi. Ó ṣáná. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń wo iná pupa. Mo ka ení, mo ka èjì. Mo ka ẹ̀ta. Mo ka ẹ̀rin. Bọ̀dá Láńre ti ki orí bọ fèrèsé kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Bàbá mi pa á.

"Ọ́ọ̀lì wo ló wà nínú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó o dà sí i." Bàbá mi ò wo ojú ẹ̀. Sítíárì ló ń wò.

Bọ̀dá Láńre yọ pákò lẹ́nu. "Kò ṣeé ṣe. A jẹ́ pé pọ́ǹpù ọ́ọ̀lì ni. Mo gbọ́dọ̀ tú ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò."

"Ó máa pẹ́ tó wákàtí mélòó?" Màmá Títí nìyẹn.

"Ó lè gbé wa dé ìrọ̀lẹ́, mà."

Màmá Títí wo aago ẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó kàn mí èémí, ó ní, "Títí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ dúró, mà!" Bàbá mi ti di kọ́kọ́rọ́ mú. "Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀. Tí mo bá tẹná mọ́ ọn díẹ̀, iná yẹn á kú."

Mo wo ọwọ́ ẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Láńre tó ti wọ etí mi, tó ti sùn síbẹ̀, ló dédé jí. Mo rí ṣáàfù náà lọ́kàn mi, tó ń yí lórí gbígbẹ, mo rí mẹ́tàlì tuntun. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti pe bàbá mi ní onírọ́ lójú ọmọ mẹ́sàn-án, lójú obìnrin báǹkì, lójú ìyá tó bí i. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé wa tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, oúnjẹ wa ti jóná. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo wá rántí pé kò ní kí n má ṣe iṣẹ́ mi. Mo bọ́ síwájú ọkọ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó lè tẹ ọkọ̀ tí orí ọmọ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo fa gééjì yọ, mo fi ràgì nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á yọ, mo wá gbé e sókè bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ọ́ọ̀lì náà so rọ̀ lẹ́nu irin, ó ki, ó ń dán, ó kọ̀ kò já sílẹ̀. Òórùn ẹ̀ sì dé. Títí di imú, ó ní, "Ta ló só?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Láńre ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ọ́ọ̀lì náà, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó wo bàbá mi, ó wò mí. Èmi ń wo òkè, bí ẹni tó ń ka ewé fúrúùtù. "Ọ́ọ̀lì gíà," ló sọ, ohùn ẹ̀ ò ròkè.

Ìyá Àgbà ti dìde, ó kọjú sí bàbá mi. "Mùkáílà."

"Mà."

"Kí lo dà síbẹ̀?"

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Mo kàn fi díẹ̀ tì í lẹ́yìn ni, Ìyá."

Bọ̀dá Láńre ti wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ti tú ìdí ẹ́ńjìn sílẹ̀, àdàlù náà ń kán sínú garawa, ó ń rìn bí ọjọ́ orí. Ó pariwo látìsàlẹ̀ pé ibo ni a kó ọ́ọ̀lì òun sí. Mo ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú báàfù. Àmọ́ eruku ọyẹ́ ti bà lé e lórí, koríko wẹ́wẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Bọ̀dá Láńre ní òun ò lè dà á bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó rán Ìyá Àgbà níṣẹ́. Ó tú aṣọ asẹ́ ẹ̀ tó há, èyí tó ń lò lójoojúmọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án sórí ìkòkò gbígbẹ kan. Ó wá ṣe ohun kan tí mo máa ń rí tí mo bá ti dijú títí dòní. Ó fi ife bu díẹ̀ nínú àdàlù inú garawa, ó dà á sí apá kan aṣọ náà. Àdàlù náà jókòó síbẹ̀, ó ń wo gbogbo wa. Ìyá Àgbà bu ọ́ọ̀lì Bọ̀dá Láńre, ó dà á sí apá kejì. A gbọ́ ọ bó ṣe ń kán sínú ìkòkò kó tó gbé ife kúrò.

"Mùkáílà, asẹ́ tó bá há, kí là ń ṣe fún ògì ẹ̀?"

Bàbá mi ti lé lógójì ọdún nígbà yẹn. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, níwájú ọmọ ilé ìwé mẹ́sàn-án, ó dáhùn bí ẹni tó wà ní kíláàsì: "A máa ń fi omi là á, mà."

Títí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi díẹ̀ fọ inú ẹ́ńjìn, wọ́n da ìyókù pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan tí Bọ̀dá Láńre sáré lọ gbé. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò tíì ka èjì tí iná pupa kú. Màmá Títí ń dúró. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Wàsíù, ṣé ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ ni?" Bàbá mi ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́, mà." Kò gbà á gbọ́. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ní, "Ẹ máa lọ o, wọ́n ti pẹ́." Kò tún dárúkọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ bá táyà, Bọ̀dá Láńre fà mí létí jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìwọ, lọ kàwé o. O ò lè ṣe mẹ́káníìkì. Ojú ẹ mọ́ jù." Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn já sí.

Ọdún mẹ́ta sí i ni ọkọ̀ yẹn fi kó ọmọ kó tó rẹ̀ ẹ́, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi tà á. Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ibi tí kò ti sí aládùúgbò lókè ẹ̀. Bàbá mi ṣì wà. Ẹ lọ bi í lónìí, á sọ fún yín pé pọ́ǹpù ló kọ́kọ́ há, pé ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀lì ò pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà kì í já a nírọ́, mo ti já a nírọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Àmọ́ ọjọ́ náà gan-an, kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ lọ́nà ilé ìwé, kò sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Ọkọ̀ ò dún, òun náà ò dún, mo jókòó lẹ́yìn, mò ń fi eyín ka ìyà tó máa jẹ mí. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó pè mí pé kí n wá bá òun fọ ọkọ̀. A fọ̀ ọ́. Ó fọ apá tiẹ̀, mo fọ apá tèmi. A pàdé níwájú, níbi bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fún ràgì ẹ̀ gbẹ, ó sá a sórí bọ́ńpà, ó wo ẹ̀yìn bóyá Ìyá Àgbà wà nítòsí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá kì í bẹ ọmọ o, Wàsíù. Àmọ́ tó o bá gbọ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ lónìí, gbà fún un."